Ẹ Wá Jókòó Tì Wá Nídìí Kọ̀ǹpútà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ìlera Wa

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà wa ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ yín. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí n kò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Àwa la máa ń bi aláìsàn pé, "Ṣé ẹ ti gba káàdì rí níbí?" kí nọ́ọ̀sì tó rí i, kí dókítà tó rí i. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n ní ti fódà ti parí, inú mi dùn, inú mi ṣì ń dùn títí dòní. Ẹni tó bá ti tú yàrá fódà rí láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí eruku kún imú ẹ̀, tí aláìsàn sì ń mí gúlegúle ní ojú wíńdò, kò jẹ́ bá yín jiyàn pé ká padà sídìí pépà.

Ẹ̀dùn ọkàn tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dojú rú nídìí kọ̀ǹpútà yìí, ìdáhùn kan náà là ń gbà: "Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n lò ni. A máa tún yín dá lẹ́kọ̀ọ́." Wọ́n á kó wa sí gbọ̀ngàn, wọ́n á tan prójẹ́kítọ̀, wọ́n á pín míìtì páì àti omi inú ike, a ó gba sàtífíkéètì, a ó ya fọ́tò. Tí a bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ibi tó ti ń há wa tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún há wa. Orí wa kọ́ ni ìṣòro yẹn wà, ojú kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá jókòó tì wá kó wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ ìbí. Lórí fọ́ọ̀mù tí a fi ń forúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀, àmì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè ọjọ́ ìbí: ọjọ́, oṣù, ọdún, ìkankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Màmá kan dé láti oko. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyẹn dá wa lójú. Ó ní wọ́n bí òun lọ́dún tí wọ́n ń la títì ọlọ́dà wọ ìlú àwọn. Kí ni ẹ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tẹ̀? Bí kò bá tẹ nǹkan kan, bọ́tìnì "Save" kò ní ṣiṣẹ́, màmá kò sì ní rí dókítà. Ohun tó fà á nìyẹn tí gbogbo wa fi ń tẹ 01/01, tí a ó wá fojú bu ọdún. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà lọ́dọ̀ wa, ẹ ó rò pé ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì nìkan ni wọ́n ń bímọ láyé àtijọ́. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yìí náà ni nọ́ọ̀sì fi ń dá aláìsàn mọ̀ kó tó fún un lóògùn. Bí Rísíkátù Àlàbí bá pé mẹ́ta nínú ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn sì jẹ́ 01/01/1950, kí ló kù tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àtúnṣe ibẹ̀ kò ju kí àyè kan wà tí a ti lè tẹ ọjọ́ orí, kí àmì sì wà níbẹ̀ pé a fojú bù ú ni. Kì í ṣe ohun tuntun. OpenMRS, ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004 fún iṣẹ́ ìlera ní Eldoret ní orílẹ̀-èdè Kenya, ní àyè fún ọjọ́ ìbí tí a fojú bù. Ẹni tó ti jókòó rí ní ibi tí màmá arúgbó ti ń gba káàdì ló máa rántí fi irú ẹ̀ síbẹ̀.

Orúkọ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Obìnrin kan ń jẹ́ Adéṣọlá. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ "Adesola" fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn tẹ "Adeshola", nítorí bó ṣe wà lórí káàdì NIN ẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà ti gùn dé ẹnu géètì, ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń pariwo, kí ni òṣìṣẹ́ á ṣe? Á ṣí káàdì tuntun. Bí ẹnì kan ṣe di méjì nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Ìkìlọ̀ pé oògùn kan máa ń bá a jà wà lórí káàdì àkọ́kọ́. Ti kejì ni dókítà ń wò. Ọ̀nà láti fi ìró wá orúkọ dípò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ti wà tipẹ́. Soundex tí wọ́n ń lò fún orúkọ òyìnbó, ọdún 1918 ni ẹni tó gbé e kalẹ̀ gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà kò tíì dáyé nígbà yẹn. Kí ẹ̀rọ tí a ń lò ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé Ṣọlá, Sola àti Shola lè jẹ́ ẹnì kan, kó kàn kó gbogbo wọn jáde kí a yan èyí tó dúró síwájú wa, ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù? N kò tíì sọ ti pé bí ẹ bá fi àmì sórí orúkọ, àmì ìbéèrè ni yóò gbé jáde: Ad?b?la. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, owó Yorùbá ni wọ́n fi rà á o.

Àwọn ìbejì ló wá kó ẹ̀rọ náà sí wàhálà jù. Gbogbo ayé mọ̀ pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù. Àwọn oníròyìn ń ti òkèèrè wá sí Igbó-Ọrà nítorí ẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé: bàbá kan, ìyá kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà fóònù kan, ọjọ́ ìbí kan, nígbà mìíràn ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Bí a bá ti forúkọ Táíwò sílẹ̀ tán, tí a bẹ̀rẹ̀ ti Kẹ́hìndé, àpótí ìkìlọ̀ kan á yọ sójú kọ̀ǹpútà: ó jọ pé ẹni yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀, ṣé kí n so wọ́n pọ̀? Bọ́tìnì "Yes" tóbi, àwọ̀ búlúù ló ní, òun náà sì ni Enter máa ń tẹ̀. "No" kéré, ó ní àwọ̀ eérú, ó sá sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń tẹ Enter láti aago mẹ́jọ àárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí kò nítumọ̀, Enter náà ni yóò tún tẹ̀.

Ojú mi ni èyí ṣe, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. Ẹ̀rọ ní Kẹ́hìndé ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá wọn ní, "Irọ́ ni o, nọ́ọ̀sì. Táíwò nìkan lẹ fún. Ara èyí gbóná lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé e padà wá." Nọ́ọ̀sì wo ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ló gba ọmọ yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ìjọba fi owó ńlá rà. Bó bá jẹ́ pé ìyá àgbà wọn ló gbé wọn wá, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá ńkọ́?

Ti ọmọ jòjòló tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ. Fọ́ọ̀mù kò mọ ìyẹn. Ó ní dandan ni kí ọmọ ní orúkọ kó tó lè wọ inú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ wọ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà: Baby, Baby, Baby, láti òkè délẹ̀. Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Montefiore ní New York nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ tuntun ní "Babyboy" àti "Babygirl". Dókítà Jason Adelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i padà, wọ́n fi orúkọ ìyá ṣáájú, kí ọmọbìnrin tí Wendy bí máa jẹ́ "Wendysgirl". Ìwádìí wọn tó jáde ní 2015 fi hàn pé àṣìṣe kí wọ́n kọ ìtọ́jú ọmọ kan sábẹ́ orúkọ ọmọ mìíràn fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Orúkọ lásán ni wọ́n yí padà o. Ẹ sì wò ó, àwa gan-an ló yẹ ká fi èyí kọ́ wọn: ọmọ Fúnmiláyọ̀, ìyá Ṣadé, bí a ṣe ń pe ara wa láti ilẹ̀ nìyẹn. Ìbejì tiẹ̀ ti mú orúkọ tiwọn tọ̀run wá, wọn ò dúró de ọjọ́ kẹjọ.

Bí àwọn ará Montefiore ṣe ka àṣìṣe náà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́jọ́. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan kọ ìtọ́jú fún aláìsàn kan, tó fà á yọ láàárín ìṣẹ́jú 10, tó sì kọ ohun kan náà fún ẹlòmíràn láàárín ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ tí kì í ṣe tẹni tó ń tọ́jú ló kọ́kọ́ ṣí, tó tètè rí i. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tiwa náà, nítorí ẹ̀rọ a máa rántí ẹni tó tẹ nǹkan àti àkókò tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ta á fún yín.

N ó bọ́ sórí ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, ìyẹn nọ́ńbà tí kò ní òṣùwọ̀n. Ẹ mọ̀ pé méjì ni òṣùwọ̀n tí a ń lò fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka lè gbé mmol/L jáde, ó sì lè gbé mg/dL jáde, bí ẹni tó rà á bá ṣe rí i rà lọ́jà. 7 ti àkọ́kọ́ bá 126 ti ìkejì dọ́gba. Ẹ wá fojú inú wo àpótí kan lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ "Blood sugar" sí lára, tí kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ 20 sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mmol/L, ṣúgà ẹni yẹn ti ga gan-an, oògùn tó máa fà á wálẹ̀ ló nílò kíákíá. Bó bá jẹ́ mg/dL, ó ti lọ sílẹ̀ débi pé abẹ́rẹ́ insulin kan ṣoṣo lè pa á. Nọ́ńbà kan náà ni. Dókítà tó wà nílé, tó ń wo àkọsílẹ̀ lórí fóònù ní òru, kò mọ èyí tó jẹ́. Kí wọ́n lẹ òṣùwọ̀n mọ́ ara àpótí yẹn, kó sì béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bí nọ́ńbà bá ti jọ èyí tí kò yẹ, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ẹ má bàa rò pé àròsọ ni, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2013 ní ilé ìwòsàn Yunifásítì California ní San Francisco, tí ó wà lára àwọn tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan wà níbẹ̀. Wóró oògùn Septra kan ni dókítà fẹ́ fún un, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 160. Àmọ́ ọmọ náà kò tó kìlógíráàmù 40, ìlànà ibẹ̀ sì ni pé ìwọ̀n ara ni kí wọ́n fi ṣírò oògùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò náà bọ́ sí 193. Kò sí wóró tó jẹ́ 193, nítorí náà apoògùn ní kí dókítà tún un kọ sí 160. Dókítà padà síbẹ̀, ó tẹ 160. Kò kíyè sí i pé àyè tó tẹ̀ ẹ́ sí kì í ṣe ti mílígíráàmù lásán. Ti mílígíráàmù fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ni. Kọ̀ǹpútà mú 160, ó fi kìlógíráàmù 38.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní wóró oògùn 38½ ni kí ọmọ náà gbé mì.

Ìkìlọ̀ yọ síwájú dókítà, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ síwájú apoògùn, òun náà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí láti àárọ̀ dalẹ́, èyí tó lè pani àti èyí tí kò já mọ́ nǹkan, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ní. Róbọ́ọ̀tì di oògùn náà sínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì rí i pé ó pọ̀, ó ṣe kàyéfì, àmọ́ nígbà tó tẹ bákóòdù, kọ̀ǹpútà ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ẹni yìí ni, iye rẹ̀ pé. Ọmọ náà gbé e mì tán. Gìrì mú un. Orí ló kó o yọ, kò kú.

Ọlọ́gbọ́n ni dókítà yẹn, ọlọ́gbọ́n ni apoògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn ló ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ ò ní fún nọ́ọ̀sì náà ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ?

Ti iná àti ti páásíwọ̀dù, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lé wọn lórí. Ẹ̀rọ máa ń lé wa jáde bí a kò bá tẹ nǹkan fún ìgbà díẹ̀, ohun tí a sì ti kọ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ tí a bá padà wọlé; iná lílọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ní gbogbo ọ̀sán, tí wọ́n á wá tẹ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí, láti inú ìrántí àti àárẹ̀. Ìdí náà nìyẹn tí ẹnì kan fi ń wọlé láàárọ̀, tí gbogbo wọ́ọ̀dù sì ń lo orúkọ ẹ̀ dalẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wíwọlé gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa tọ́jú ohun tí a kọ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi òfin halẹ̀ mọ́ wa.

Ọ̀nà wo la ó wá gbà rí àwọn àléébù yìí kí wọ́n tó ṣe ọṣẹ́? Ẹ wá jókòó tì wá. Òun náà nìyẹn. Jakob Nielsen, ọmọ Denmark tí wọ́n mọ̀ dáadáa nídìí iṣẹ́ mímú kí kọ̀ǹpútà rọrùn láti lò, ti ń sọ ọ́ láti ọdún gbọọrọ pé bí èèyàn márùn-ún péré bá fi iṣẹ́ gidi dán ẹ̀rọ wò lójú yín, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù rẹ̀ á hàn síta. Àwọn mìíràn ti bá a jiyàn pé márùn-ún kéré, n kò sì bá wọn jà. Ní ọsibítù, màá ní márùn-ún láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó ń há apoògùn kọ́ ló ń há ẹni tó wà nídìí owó. Ẹ fún nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́: "Forúkọ ọmọ tí kò tíì ní orúkọ sílẹ̀." "Wá èsì ẹ̀jẹ̀ màmá yìí." Ẹ ní kó máa sọ ohun tó ń rò síta bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́. Ó máa ń ṣòro fún ọ̀gá láti dákẹ́, ẹ dákun. Bó bá ṣì í, ẹ má wí fún un pé "apá ọ̀tún ló wà". Ẹ kọ ibi tó ti dúró, ibi tó ti padà sẹ́yìn, ibi tó ti mí kanlẹ̀, ibi tó ti fa bébà yọ lápò.

Ẹ sì wo ara mọ́nítọ̀ wa. Pépà pélébé tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn kò níye: "Ẹ MÁ TẸ F5". "Bó bá dúró, ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé". "Clinic 4 = Àwọn aboyún". "Kí ẹ tó tẹ Save, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ná". Àbọ̀ ìwádìí nìwọ̀nyí o, àwa la ṣe é, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún un. Bí alábòójútó bá dé, wọ́n á ní ká já wọn dànù nítorí wọ́n ń ba ojú ọ́fíìsì jẹ́.

Bí ẹ bá ń fẹ́ nọ́ńbà tí ẹ lè gbé síwájú Gómìnà, ó wà. John Brooke gbé ìbéèrè 10 kan kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986 lórí bí ẹ̀rọ ṣe rọrùn láti lò sí, tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ máa dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 0 sí 100. Nígbà tí wọ́n fi bi àwọn dókítà Amẹ́ríkà nípa ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ tiwọn, 45.9 ni wọ́n fún un. Féèlì gbáà ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ojú dúdú ni kò jẹ́ ká mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹ túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá, ẹ pín in fún wa, kí a má kọ orúkọ sí i. Kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn àtúnṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún yín pé sọ́ftíwíà tí ẹ rà ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń kọ ìtọ́jú wọlé. Ìwádìí tó jáde ní 2005 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ láti ilé ìwòsàn mìíràn, iye tó ń kú lọ láti 2.80 nínú ọgọ́rùn-ún sí 6.57. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá ṣì wà lójú ọ̀nà, dókítà á ti kọ ohun tí wọ́n máa fún un sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọn ò lè kọ nǹkan kan àyàfi tí ọmọ bá dé, tí àwọn bíi tèmi sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ tán. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Seattle lo sọ́ftíwíà iléeṣẹ́ kan náà, ikú ọmọ kò pọ̀ sí i níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ má ra nǹkan nítorí pé ó dára ní Abuja tàbí ní Índíà. Ẹ wá wò ó ní yàrá pajáwìrì tiwa, ní aago méjì òru, nígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tí mọ́tò kọlù dé láìsí ìbátan, láìsí orúkọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì tan yín pé irú iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ. Láti 1989 ni ilé ìwòsàn olùkọ́ni Ifẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Yunifásítì Kuopio ní Finland ti pawọ́ pọ̀ ṣe ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n wá ń pè ní MINPHIS. Àwọn tó ń kọ ọ́ àti àwọn tó ń lò ó jọ wà nílùú kan náà ni. Bí nǹkan bá há, a lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ yunifásítì tó gbọ́n, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò tán ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tí wọn ò ní ni àǹfààní láti wọ wọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Nínú àdéhùn tí ẹ máa tún bá àwọn tó ń ta sọ́ftíwíà tọwọ́ bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdá kan nínú owó wọn á wà lọ́wọ́ yín títí òṣìṣẹ́ tiwa yóò fi dán an wò lójú yín, tí wọ́n á sì tún ohun tó bá há ṣe. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí a lè sọ àléébù fún, tí yóò dá wa lóhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé "kò ṣeé ṣe" ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ lórí àṣìṣe kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kọ́kọ́ wo ojú ìwé tó ti ṣe àṣìṣe náà. Kí iléeṣẹ́ yín sì dẹ́kun bíbi ọ̀gá àgbà ọsibítù pé "báwo ni ẹ̀rọ náà?" Ọ̀gá àgbà kì í forúkọ aláìsàn sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kẹ́ ẹ wá, kí ẹ má sì ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n má bàa kun ògiri dè yín. Ẹ mú ẹni tó kọ sọ́ftíwíà náà dání, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga mi, kó forúkọ ìbejì méjì sílẹ̀ nígbà tí ìyá wọn dúró síwájú ẹ̀, tí ọ̀kan ń sunkún, tí ẹni ogún sì wà lẹ́yìn wọn. Èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ìwé tí àwa òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ń kọ àléébù sí wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, ó lè mú un lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera kan ní ilé ìwòsàn ìjọba